Láti ‘Ró’ dé ‘Wọ̀’: Aṣọ, Oyún àti Ọ̀rọ̀ Ìpamọ́ ní Agbègbè Tchaourou

Gbólóhùn kan wà tí mo máa ń bá pàdé nínú iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, nínú ètò ìlera lórí rédíò, àti lẹ́nu àwọn olùkọ́ pàápàá: pé láyé àtijọ́, ńṣe ni àwọn ìyá wa máa ń fi oyún pamọ́ sábẹ́ ìró nítorí ìtìjú, àti pé ọ̀làjú ni ó kọ́ àwọn ọmọ wọn láti máa gbé ikùn síta. Àwọn mìíràn a yí i padà. Wọ́n á ní àwọn ìyá àtijọ́ ló mọ iyì ara wọn, pé àwọn ti ìsinsìnyí ni kò ní ìtìjú mọ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dà bí ọ̀tá ara wọn, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àwọn méjèèjì gbà pé iṣẹ́ tí aṣọ ń ṣe lára aboyún ni láti bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níbí ni láti yẹ èrò yìí wò láti inú èdè, kí n sì sọ ìdí tí n kò fi gbà á.

Agbègbè Tchaourou ni mo fi ṣe ibùdó, nítorí pé ẹnu àwọn ará ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ tú palẹ̀. Ìlú náà wà ní ìpínlẹ̀ Borgou, ní gúúsù Parakou, lójú ọ̀nà títì àti ojú irin tó ti Cotonou wá. Ìkànìyàn ọdún 2013 fi hàn pé iye èèyàn tó wà ní kọ́múùnù náà lé ní 200,000. Yorùbá Ṣábẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní Nàgó, ń gbé pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú Bàrìbá àti Fúlàní; èdè Faransé ni ti ilé-ìwé àti ti ilé ìwòsàn. Obìnrin kan ṣoṣo lè gbọ́ ọ̀rọ̀ oyún rẹ̀ ní èdè mẹ́rin kí ọjọ́ tó ṣú. Yorùbá àjùmọ̀lò ni mo fi kọ èyí, mo sì lo ẹ, ọ àti ṣ dípò ɛ, ɔ àti sh tí ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń lò, kí àwọn òǹkàwé wa ní Nàìjíríà má baà kọjá sí ojú ìwé kejì kí wọ́n tó kà á.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo fún gbígbé aṣọ sára. Obìnrin a máa ró ìró, a máa wé gèlè, a máa gba ọ̀já, a máa da ìborùn bo èjìká, a sì máa wọ bùbá. Ẹni tó bá fẹ́ fi mettre ti Faransé túmọ̀ gbogbo wọn yóò sọ ohun púpọ̀ nù lójú ọ̀nà, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ló ń sọ irú aṣọ tó jẹ́ fún wa, ó sì ń sọ ohun tí ara ń ṣe sí i.

Ẹ wo wọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí náà ni a ń lò nígbà tí a bá ní a wọ ilé, a wọ ọkọ̀, a wọ bàtà, a wọ ẹ̀wù. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n, kì í ṣe pé wọ́n ṣèèṣì jọ ara wọn. Ohun tí a bá wọ̀ ní ẹnu, ó ní inú, ó sì ní ìwọ̀n tí wọ́n ti gé fún un kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ara ni ó gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tí a bá ró kò ní ẹnu, kò sì ní inú. Aṣọ pẹlẹbẹ ni. Ìdí tí a ró o mọ́ ni ó ń fún un ní ìrí, bí a bá sì tú u, ó di aṣọ pẹlẹbẹ padà. Bí ara bá tóbi, ìró kò ní ohun tí yóò fi takò ó.

Èyí ni mo rò pé ó fà á tí ìró aboyún kò fi ní orúkọ tirẹ̀ nínú èdè wa. Ìró tí obìnrin fi lọ sóko ní oṣù kejì ni yóò fi lọ ní oṣù kẹjọ. Ohun tó yí padà ni ibi tó so ó sí: yóò gbé e gun orí ikùn, tàbí kó ṣán an sí abẹ́ abíyá, yóò sì dín ibi tí etí aṣọ kan gbé gun èkejì kù. Títún ìró ró kì í sì í ṣe ohun tí a fi ń dá aboyún mọ̀. Gbogbo obìnrin ló ń ṣe é nígbà mẹ́wàá lóòjọ́, ní ẹ̀bá ọ̀nà, ní ẹnu ìsọ̀, láàárín ọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó ń wò wọ́n. Nítorí náà, ìyípadà ara aboyún wọ inú ohun tí gbogbo obìnrin ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá pe èyí ní ìfarapamọ́ ní láti sọ fún mi ohun tí ìyá náà ì bá ti ṣe yàtọ̀ tí kò bá fara pamọ́.

Ẹ fi wé ọ̀rọ̀ tí agbẹ̀bí ń lò ní ilé ìwòsàn, enceinte. Isidore, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Seville ní ọ̀rúndún keje, sọ nínú ìwé rẹ̀, Etymologiae, pé incincta, tí ọ̀rọ̀ Faransé yìí ti wá, túmọ̀ sí ẹni tí kò sán ìgbànú, nítorí pé ikùn kò jẹ́ kó lè dì í le. Àwọn onímọ̀ èdè òde òní kò gba ìtumọ̀ yẹn tán. Wọ́n tọ́ka sí inciens, ọ̀rọ̀ Látìnì àtijọ́ tó túmọ̀ sí ‘olóyún’, wọ́n ní òun ni ẹnu àwọn èèyàn yí padà títí tó fi jọ ọ̀rọ̀ ìgbànú. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé Isidore ṣì í, àṣìṣe rẹ̀ wúlò fún wa. Ó fi ohun tí etí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ gbọ́ hàn: pé oyún ni ìgbà tí aṣọ àti ara kò bá ara wọn ṣe mọ́. Lọ́dọ̀ wa, kò sí ìgbà kan tí obìnrin kì í di nǹkan mọ́ra. Ó ń dì ṣáájú oyún, ó ń dì nígbà oyún, bó bá sì bímọ tán, ìgbà náà gan-an ni ìdì ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀já ti dé.

Ohun mìíràn tó yẹ ká fiyè sí ni pé èdè wa kì í fi aṣọ sọ̀rọ̀ oyún. Ẹrù ló fi ń sọ ọ́. A ní obìnrin gbé oyún. Bó bá bí, a ní ó ti sọ̀, bí ẹni tó ru igbá iṣu dé ilé. Àdúrà tí a ń gbà fún un kò yàtọ̀: kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Aṣọ kò wọ inú ọ̀rọ̀ náà títí ọmọ fi jáde. Láti ìgbà yẹn ni pọ̀n, gbàjá àti ọ̀já yóò wá gba gbogbo ẹnu. Òwe ti sọ pé oyún inú, a kì í kà á kún ọmọ tilẹ̀, ó sì dà bíi pé èdè fara mọ́ òwe náà: ọmọ tó ti wà níta ni a ń fi aṣọ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lágbègbè Kétu á mọ ohun tí mo ń sọ. UNESCO kéde eré náà gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá aráyé ní ọdún 2001, wọ́n sì fi í sínú àkọsílẹ̀ wọn ní 2008, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ọkùnrin ló ń jó, ṣùgbọ́n aṣọ obìnrin ni wọ́n kó bọ ara, gèlè àti ọ̀já tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ìyá wà nínú rẹ̀. A máa ń rí ọmú onígi àti ìdí bàǹbà. Henry àti Margaret Drewal kọ ìwé tó gbajúmọ̀ lórí rẹ̀ ní 1983, agbára obìnrin ni wọ́n sì fi sí àkọlé rẹ̀. Ohun tí mo mú níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ: nínú eré náà, a kò bo ara ìyá mọ́lẹ̀. Ńṣe ni a sọ ọ́ di ńlá, tí a fi aṣọ lé aṣọ lórí rẹ̀, tí a sì gbé e jó ní gbangba. Àwùjọ tó bá ń tijú ara abiyamọ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣé kò wá sí ohun tí a ń fi pamọ́ ni? Ó wà. Ọ̀rọ̀ ni.

Ní Tchaourou, bíi ti ibi gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá, obìnrin tí oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró kì í sọ pé òun lóyún, àwọn tó sì mọ̀ kì í sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ó ti fẹ́ra kù. Ó ti di abara méjì. Kò dá wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kó àwọn wọ̀nyí jọ lábẹ́ orí-ọ̀rọ̀ ‘àdàpè’, wọ́n sì dákẹ́ síbẹ̀, bí ẹni pé irú àdàpè kan ṣoṣo ló wà. Ó kéré tán, méjì ni. A máa ń yẹra fún ọ̀rọ̀ kan nítorí pé ó ń rùn. Ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ. A sì máa ń yẹra fún òmíràn nítorí pé ó ní etí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a kì í pe ejò ní ejò, okùn ni à ń pè é. Ìgbà tí ìgbóná ṣì ń jà, àwọn èèyàn kì í dárúkọ Ṣànpọ̀nná, wọ́n á ní ilẹ̀ẹ́gbóná. Kò sí ẹni tó ń tijú ejò.

Bí a bá fẹ́ mọ èyí tí oyún jẹ́, ìgbà ni kí a wò. Ọ̀rọ̀ tó ń rùn kì í yéé rùn nítorí pé ọ̀ràn náà ti kọjá. Ọ̀rọ̀ tó ní etí ní àkókò tirẹ̀. Bí ewu bá ti kọjá, ẹnu á là. Ìyá tí kò jẹ́ kí a gbọ́ ‘oyún’ lẹ́nu rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin ni yóò jókòó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ tí yóò máa ròyìn oyún náà fún àwọn àlejò, bó ṣe bì, bó ṣe jẹ erùpẹ̀, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe wú, tí àwọn ọkùnrin pàápàá yóò sì máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ìtìjú kò ní irú òmìnira yìí. Àdàpè ìṣọ́ra ni ti oyún.

Níbí yìí ni ọ̀rọ̀ kan ti ń tàn wá jẹ, mo sì rò pé òun gan-an ni ó bí gbólóhùn tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a bá bi ìyá àgbà ní Tchaourou léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe láyé wọn, yóò dáhùn pé, ‘A máa ń fi oyún pa mọ́ ni.’ Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé: cacher la grossesse. Láti ibẹ̀ dé honte kò jìnnà mọ́. Ṣùgbọ́n pa mọ́ ni ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún owó tí a fi sí abẹ́ àpótí, fún irúgbìn iṣu tí a fi sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀, àti fún àdúrà tí a ń gbà fún arìnrìn-àjò: kí Ọlọ́run pa ọ́ mọ́. Faransé ní cacher, ó ní garder. Yorùbá fi ọ̀rọ̀ kan ṣe méjèèjì. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ ti yan ọ̀kan kí ìyá náà tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá bí owó ni wọ́n ṣe pa á mọ́ tàbí bí olè.

Pínnì náà ń jẹ́rìí sí i. Títí di òní, a máa ń rí aboyún tó fi pínnì há ìró tàbí ẹ̀wù rẹ̀ níbi ikùn, tí kì í sì í fẹ́ rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan tàbí lóru, nítorí àwọn ẹ̀mí tí a kò fojú rí. Àwọn kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí ń bá wọn jà lórí rẹ̀, èmi kò sì dá sí ìjà náà. Ohun tí mo rí ni pé bí ohun kan bá wà lára aṣọ tó jẹ́ ti aboyún nìkan ní ilẹ̀ wa kí aránṣọ tó dé, pínnì ni, kò sì bo ohunkóhun. Ó tilẹ̀ ń sọ fún ẹni tó bá lójú pé aboyún nìyí. Ìṣọ́ ló wà fún.

Mo gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa, Bàrìbá, torí pé ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn tó ń takò mí ti máa ń mú ẹ̀rí. Carolyn Sargent kọ ìwé méjì tí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìbímọ ní àríwá Bẹ̀nẹ̀ gbọ́dọ̀ kà, ọ̀kan ní 1982 lórí bí obìnrin Bàrìbá ṣe ń yan ẹni tí yóò tọ́jú òun, èkejì ní 1989 lórí ìbímọ ní ìgboro. Láàárín wọn, ní 1984, ó kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ìrora tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní ‘Láàárín ikú àti ìtìjú’, láti inú òwe Bàrìbá kan. Yorùbá tó bá gbọ́ àkọlé náà á ti fèsì kí o tó ka ìyókù: ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ó fi hàn pé obìnrin tó bá rọbí láìké, tó tilẹ̀ bímọ ní òun nìkan kí ó tó pe ẹnikẹ́ni, ni wọ́n ń yìn.

Iṣẹ́ náà dára, n kò sì ní àríwísí sí ìwádìí rẹ̀. Bí àwọn èèyàn wa ṣe ń lò ó ni mo ń bá jà. Wọ́n rí ‘ìtìjú’ lórí ìwé, wọ́n sì gbé e ka orí oyún àti ikùn. Ohun tí ìtìjú wà fún nínú àlàyé Sargent ni igbe, ìyẹn ni kí ẹnu já obìnrin kulẹ̀ lọ́jọ́ ìrọbí. Jagunjagun tó bá sá lójú ogun ni a lè fi wé e, kì í ṣe ẹni tó wọ aṣọ tó fún. Ní Tchaourou, níbi tí Bàrìbá àti Yorùbá ti ń fẹ́ ara wọn, ìyá ọkọ Bàrìbá lè wo ìyàwó Yorùbá pé ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló ń ró ìró kan náà sórí ikùn kan náà, kò sì sí ẹni tó ń bá ẹnì kejì jà lórí ìyẹn.

Níbo wá ni ìtàn ‘aṣọ tó ń bo oyún mọ́lẹ̀’ ti wá? Ó ní ilé tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni òtítọ́ rẹ̀ wà. Ní New York ní 1904, aránṣọ kan tó ń jẹ́ Lena Bryant rán ẹ̀wù tí aboyún lè wọ̀ jáde láìsí ìnira. Àwọn ìwé ìròyìn kò gbà láti polówó rẹ̀ títí di 1911 tí New York Herald gbà. Àwùjọ tí aṣọ rẹ̀ jẹ́ ti wíwọ̀ ni, aṣọ tí a gé mọ́ ìbàdí, tí a fi okùn fún mọ́ àyà. Bí ara bá ti yí padà, kò sí ohun tí obìnrin lè tún ró. Ó ní láti jókòó sílé tàbí kó ra òmíràn. Ní 1952, Lucille Ball lóyún lóòótọ́ nígbà tí ó ń ṣe eré I Love Lucy lórí tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí ikùn rẹ̀ nínú ẹ̀wù gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ oyún ní Gẹ̀ẹ́sì nínú eré náà. Àlùfáà Kátólíìkì, pásítọ̀ àti rábì ló ń ka ọ̀rọ̀ eré wò. Ìsọ̀rí tí wọ́n ti fi ìròyìn náà hàn, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ Faransé ni wọ́n fi sí àkọlé rẹ̀, enceinte kan náà tí agbẹ̀bí Tchaourou ń kọ sínú ìwé lójoojúmọ́ láìronú. Àdàpè ará ibìkan ni ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ará ibòmíràn.

Ní oṣù Kẹjọ 1991, ìwé ìròyìn Vanity Fair gbé àwòrán Demi Moore tó lóyún sí ojú ìwé àkọ́kọ́, láìsí aṣọ lára rẹ̀. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn ilé ìtàwé kan fi bébà funfun wé e láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó tà á. N kò rí ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ pé níbẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi ń bo ìtìjú oyún, débi pé bí kò sí aṣọ, wọ́n á wá bébà. Ìtàn yẹn jẹ́ tiwọn. Ohun tí kò tọ́ ni kí a yá a, kí a fi wọ ìyá Ṣábẹ̀ lọ́rùn bí ẹ̀wù tí wọn kò wọn ara rẹ̀ rán.

Ṣùgbọ́n aṣọ tiwa náà ti yí padà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti wá le. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, pagne kan tó nǹkan bíi yáàdì méjì, pagne mẹ́ta ló sì ń di complet kan: ọ̀kan fún ẹ̀wù òkè, ọ̀kan fún ìró, ẹ̀kẹta fún ohunkóhun tí ọjọ́ náà bá béèrè, àti ọmọ pípọ̀n pẹ̀lú. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọge, èkejì ti di síkẹ́ẹ̀tì tó ní síìpù, a sì ti gé ẹ̀kẹta sí apá. Wọ̀ ti gba ipò ró. Oṣù kẹrin oyún ni síìpù á ti kọ̀, a ó sì nílò aṣọ mìíràn fún ìgbà àkọ́kọ́.

Àǹtí mi kan ń ránṣọ ní Tchaourou, mo sì ti jókòó tì wọ́n ní ìsọ̀ lọ́pọ̀ ọjọ́ láti gbọ́ bí àwọn oníbàárà ṣe ń sọ̀rọ̀. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní, ‘Ẹ rán ẹ̀wù aboyún fún mi.’ Ohun tí mo ń gbọ́ ni, ‘Àǹtí, ẹ jẹ́ kó fẹ̀ díẹ̀,’ tàbí, ‘Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún mi níbẹ̀.’ Àǹtí kì í béèrè. Wọ́n á fi ìka méjì aṣọ lé e ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nínú, tí a lè tú lẹ́yìn náà, wọ́n á sì yí ọ̀rọ̀ sí owó iṣu. Ní ìsọ̀ òkìrìkà tó kọjú sí tiwọn, níbi tí ẹrù Missèbo ti Cotonou ti ń wọlé, ṣòkòtò jíǹsì kan wà tó ní rọ́bà fífẹ̀ níbi ikùn, ẹni tó ń tà á sì ń pariwo orúkọ rẹ̀ láìfi bò: ‘Ṣòkòtò aboyún rèé o!’ Àwọn tó ń rà á kò pọ̀, kì í sì í ṣe nítorí owó. Ẹni tó bá ra aṣọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹta ti kéde ohun tí kò tíì sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ náà, aṣọ àti ẹni tó ń wọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ra wọn, ló ń tú àṣírí, kì í ṣe aṣọ. Bí wọ́n bá pe ṣòkòtò kan náà ní ‘ṣòkòtò onírọ́bà’, mo rò pé yóò tà.

Nítorí náà ni n kò ṣe fara mọ́ ‘ẹ̀wù aláboyún’ tí àwọn kan fẹ́ fi túmọ̀ robe de grossesse nínú ìwé ẹ̀kọ́. Gírámà rẹ̀ kò ní àléébù. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí oníbàárà kò lè sọ ní ìsọ̀ kò wúlò fún ìwé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. ‘Gáùn fífẹ̀’ ni wọ́n ń sọ, òun sì ni kí a kọ.

Ẹnì kan ṣoṣo wà tí gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn bá mu, òun ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó lóyún. Òun ń fi pamọ́ ní ti cacher, ìtìjú rẹ̀ sì jẹ́ òtítọ́, ìtìjú àìtíì lọ́kọ àti ti ilé-ìwé tí yóò bọ́. Kákí ló wọ̀, aṣọ tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀ bákan náà, tí kò ṣe é tún ró. Bí ìyá rẹ̀ bá fi ìró lọ sọ́jà láìsí ẹni tó bojú wò ó, ọmọ yìí kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, bọ́tìnnì kan tó kọ̀ ti tó láti sọ gbogbo rẹ̀. Ó burú tó pé a gba ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, a fi ṣàpèjúwe ìyá àgbà tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwòrán oyún tí àwọn ọmọge ń lọ yà ní Parakou nínú gáùn tó lẹ̀ mọ́ ara, àwọn àgbà ń sọ pé ayé ti bàjẹ́. Ẹ wo ọjọ́ tí àwòrán náà ń jáde. Lórí WhatsApp tèmi, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n yà ní oṣù kẹjọ tí wọn kò gbé síta títí ọmọ fi dé, tí àwòrán ọmọ yóò tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan náà. Aṣọ yàtọ̀ sí ti ìyá wọn, ṣùgbọ́n ìpamọ́ náà kò tíì lọ.

Gbogbo èyí ì bá jẹ́ eré àwọn onímọ̀ èdè bí kò bá sí ti ilé ìwòsàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn aboyún níyànjú ní 2016 pé kí wọ́n rí oníṣègùn nígbà mẹ́jọ, kí ti àkọ́kọ́ sì wáyé kí oyún tó kọjá ọ̀sẹ̀ 12. Ọ̀sẹ̀ 12 yẹn gan-an ni àkókò tí ẹnu ṣì wà ní dídì. Mo tẹ̀ lé ìyá kan lọ sí ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, ó ti wọ oṣù karùn-ún. Agbẹ̀bí, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ti ìyá náà, bi í ní gbangba pé, ‘Oyún oṣù mélòó ni?’ Ìyá dáhùn pé, ‘Ó ti pẹ́ díẹ̀.’ Ó tún un bi. Ìyá dákẹ́. Ó wá jágbe pé, ‘Ṣé ẹ̀ ń tijú ni?’ Ìyá náà kò tijú. Ó bí mẹ́rin rí. Ọ̀kan nínú wọn kò dúró, ó sì ń ṣọ́ ti inú rẹ̀ lójú èrò tó kún àga. Ìwé ìtọ́jú tó wà níwájú agbẹ̀bí ní ìbéèrè kan tí ì bá gbé e dé ibi tó ń lọ láìdárúkọ oyún rárá: ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn? Mo ti gbọ́ agbẹ̀bí mìíràn tó bi í bẹ́ẹ̀, ní ohùn jẹ́jẹ́, a sì dá a lóhùn pẹ̀lú ọjọ́ ọjà tó bọ́ sí.

Nínú ìwé ìbéèrè tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ gbé lọ sí Goro àti Tchatchou lẹ́yìn òjò, a ti yọ cacher kúrò nínú ti Faransé, a sì ti yọ ‘ṣé ẹ fi oyún pamọ́’ kúrò nínú ti Yorùbá. Ohun tí a ó béèrè ni ẹni tí ìyá náà kọ́kọ́ sọ fún, ọjọ́ tó sọ fún un, ọ̀rọ̀ tó lò gan-an, àti aṣọ tó wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà.